Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí A Kò Rí Nínú Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, kí ni Pásítọ̀ tó ń gbé ní àárín Ìta Fájì, níbi tí kọnkéré ti bo ilẹ̀ pátápátá, mọ̀ nípa erùpẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Èmi náà rò pé n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àfi ìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan fi agolo tòmátò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olùkọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ wa ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi gbin ẹ̀wà olóyin sínú agolo, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí irúgbìn ṣe ń hù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé erùpẹ̀ ṣòro láti rí níbẹ̀. Ilé ló fara kan ilé, òpópónà tóóró, gọ́tà, àti ọjà. Àwọn ọmọ kan lọ bu yanrìn níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn yòókù bu nínú erùpẹ̀ dúdú tí bàbá kan nínú ìjọ, tó ní oko lọ́nà Ẹ̀pẹ́, kó wá nínú àpò sìmẹ́ńtì. Gbogbo ẹ̀wà náà ló hù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ewé èyí tó wà nínú yanrìn ti ń pọ́n, ó rọ, ó dà bí ẹni tí ebi ń pa. Èyí tó wà nínú erùpẹ̀ oko tutù yọ̀yọ̀.

Ọmọbìnrin kan fa tirẹ̀ tu kí ó lè rí gbòǹgbò rẹ̀. Ó sáré wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú. "Dádì Pásítọ̀, ẹ̀wà mi ti ní àrùn." Mo gbà á, mo wò ó. Lóòótọ́, kókó kéékèèké wà lára gbòǹgbò náà bí ìlẹ̀kẹ̀, òmíràn tó orí ìṣáná, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ tó dúró tì í ní kí ó jù ú nù kí ó má baà ran àwọn tó kù. Èmi náà sì gbà pẹ̀lú ìyá yìí! Mo ní kí wọ́n kó gbogbo èyí tó bá ní kókó dànù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé bàbá tó ni erùpẹ̀ náà wọlé lákòókò yẹn. Ó mú ewéko náà lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná la kókó kan sí méjì, ó nà án sí mi. Inú rẹ̀ pupa bí ẹran. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má dà á nù o. Àwọn tó ń bọ́ ẹ̀wà nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá lè rí kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń da àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ láàmú. Àwọn kókó náà kì í ṣe àrùn. Ilé ni wọ́n. Àwọn ẹ̀dá kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé inú wọn, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa wá oúnjẹ fún ẹ̀wà.

OMI YÍ WA KÁ, A SÌ Ń RA OMI

Ẹ jẹ́ kí n fi àdúgbò wa ṣe àpẹẹrẹ. Omi ọ̀sà ló yí Erékùṣù Èkó ká. Ẹ dúró ní etí Márínà, omi ni. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn Ìdúmọ̀tà, omi ni. Síbẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó rántí iye ìgbà tí a ti dúró de mẹ́ruwà kí a tó lè se oúnjẹ, nítorí pé omi tó yí wa ká kì í ṣe omi mímu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ewéko àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní náítírójìn ṣe rí.

Náítírójìn ni ewéko fi ń kọ́ ara rẹ̀, bí ọmọdé ṣe nílò ẹyin àti ẹja kí ó tó lè dàgbà dáadáa. Bí kò bá tó, ewé á pọ́n, igi àgbàdo kò ní ga, ọmọ rẹ̀ á sì kéré. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ìdá 78 nínú 100 ló jẹ́ náítírójìn. Ó kún orí oko, ó kún inú yàrá, ó kún agolo tòmátò. Ṣùgbọ́n kò sí ewéko tó lè dá a mú jẹ. Ìdí ni pé náítírójìn inú afẹ́fẹ́ máa ń so pọ̀ ní méjì méjì, wọ́n á di ara wọn mú pinpin, ipá ńlá ló sì lè yà wọ́n.

Irú ipá wo? Ní ọdún 1909, Fritz Haber, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, rí ọ̀nà tí a lè gbà mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ kí a sì sọ ọ́ di amóníà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ní 1913, Carl Bosch ti sọ ọ́ di iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá. Ó gba ooru tó ju ìwọ̀n 400 ti Celsius lọ, ó sì gba kí wọ́n fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ tó ìlọ́po 200. Ọ̀nà yìí náà ni ayé ń lò títí di òní. Kò tilẹ̀ jìnnà sí wa. Iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tí wọ́n ṣí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí wọ́n kọ́ kí ó lè máa ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún, afẹ́fẹ́ àti gáàsì ló fi ń ṣe é. Bí ẹ bá gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, ẹ wo ilé gogoro àti páìpù rẹ̀.

Kí ẹ wá padà wo gbòǹgbò ẹ̀wà nínú agolo. Kò sí iná, kò sí páìpù, kò sí jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nínú ìtútù erùpẹ̀.

Rhizobium ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ náà. Bakitéríà ni wọ́n. Mo mọ̀ pé bí a bá ti gbọ́ bakitéríà báyìí, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbáméjì ni ọkàn wa máa ń lọ sí, pàápàá àwa tí a ti rí ohun tí omi gọ́tà lè ṣe fún ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fa àrùn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Ẹ̀kún ṣíbí tíì kan ṣoṣo ti erùpẹ̀ rere lè ní bakitéríà tó tó ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù nínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú àìsàn wa.

Bí ẹ̀wà bá hù, gbòǹgbò rẹ̀ a máa tú ohun kan jáde sínú ilẹ̀, bí ìgbà tí alákàrà bá gbé agbada kaná, tí òórùn àkàrà sì ń pe àwọn oníbàárà láti inú ilé. Rhizobium tó bá wà nítòsí yóò mọ ìpè náà, òun náà yóò tú ohun tirẹ̀ jáde láti fi dáhùn. Irun tín-ín-rín tó wà lára gbòǹgbò yóò wá ká kò, yóò ká bakitéríà náà mọ́ àárín, yóò sì ṣí ọ̀nà fún un láti wọlé. Ibẹ̀ ni kókó yóò ti yọ. Inú kókó yìí ni bakitéríà yóò ti máa sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ tí ẹ̀wà lè jẹ. Kì í sì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣúgà tí ewé fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ni ẹ̀wà fi ń san owó iṣẹ́ fún wọn lójoojúmọ́.

Kí wá ni ti àwọ̀ pupa yẹn? Ọ́síjìn máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù. Nítorí náà, ohun kan wà nínú kókó tó ń di ọ́síjìn mú, tó ń bù ú fún bakitéríà ní díẹ̀díẹ̀. Ìbátan ohun tó mú kí ẹ̀jẹ̀ wa pupa ni. Lọ́jọ́ tí mo ka èyí, mo pa ìwé náà dé, mo sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó jọ ẹ̀jẹ̀, nínú ẹ̀wà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì! Bí ẹ bá la kókó tí inú rẹ̀ pupa, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀, tàbí kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀lẹ. Bí ó bá ti di aláwọ̀ ewé, ó ti darúgbó.

Hermann Hellriegel, ará Jámánì, ló kéde ní 1886 pé àwọn kókó yìí ni ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀ fi ń rí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ lò. Ní 1888, Martinus Beijerinck ní ilẹ̀ Netherlands yọ bakitéríà náà jáde, ó sì tọ́ ọ lọ́tọ̀. Àwọn bàbá wa kò ka ìwé àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ibi tí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà bá ti kúrò, àgbàdo a máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Bàbá bàbá mi kì í jiyàn lórí èyí. N kò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n wà láyé.

ALÁBÀÁRÙ INÚ ILẸ̀

Náítírójìn nìkan kọ́ ni ewéko ń wá. Ó tún nílò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tí ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí nínú afẹ́fẹ́. Inú ilẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n irin tó mú kí ilẹ̀ wa pupa a máa dì í mú, kì í jẹ́ kí ó rìn. Gbòǹgbò tó bá ti jẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán, ebi ni yóò máa pa á, nígbà tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ tí kò ju ìka méjì lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìdúmọ̀tà ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé. Ọkọ̀ ńlá gbé ọjà dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà há, kò lè wọ inú ọjà. Kí ni ẹ máa ń ṣe? Ẹ ó pe alábàárù. Alábàárù yóò gba ibi tí ọkọ̀ kò lè gbà, láàárín àwọn tó ń na ọjà, títí tí yóò fi gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Ewéko náà ní alábàárù tirẹ̀. Ẹbí olú ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ta jáde bí olú. Bí òwú ni wọ́n ṣe rí, wọ́n sì tín-ín-rín ju irun orí lọ gan-an. Wọn a wọ inú gbòǹgbò láìpa á lára, apá kejì wọn a sì nà jáde sínú ilẹ̀, gba inú ihò tí gbòǹgbò kò lè gbà, láti máa kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti omi bọ̀. Ṣúgà ni owó iṣẹ́ tiwọn náà. Nígbà mìíràn, ewéko lè fún wọn ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ṣúgà tí ó bá ṣe. Owó ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń rà.

Albert Bernhard Frank ló sọ wọ́n lórúkọ ní 1885, mycorrhiza. Ìjọba wọn ní Prussia ló ní kí ó wádìí bí a ṣe lè máa gbin irú olú kan tí àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn láti máa jẹ. Ibi tí ó ti ń wá ọbẹ̀ àwọn olówó ló ti rí ohun tó ń bọ́ igbó.

Nínú gbogbo ohun tí à ń jẹ, pákí ni mo fẹ́ kí a wò jù lọ. Gbogbo wa ni a gbà pé pákí kì í yan ilẹ̀, pé ibi tí àgbàdo kò bá ti ṣe é, kí a gbin pákí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò pákí kò já fáfá rárá. Ó nípọn, irun ara rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní iléeṣẹ́ ìwádìí CIAT ní ilẹ̀ Colombia, nígbà tí wọ́n gbin pákí sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀, pákí náà kò lè dàgbà. Nígbà tí wọ́n dá àwọn alábàárù yìí padà sínú rẹ̀, ó gbéra. Àwọn ni agbára tí à ń rò pé ó jẹ́ ti pákí. Bí ẹ bá rí gàrí tí wọ́n kó jọ bí òkè sínú ọpọ́n ní ọjà Ìta Fájì, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ wọn wà níbẹ̀.

BÀBÁ TÍ Ó FẸ́ TA ILẸ̀ RẸ̀

Mo ti mẹ́nu kan bàbá tó kó erùpẹ̀ wá. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ èyí, ó ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, owó tí wọ́n fún un ló fi ra ilẹ̀ lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀; ṣọ́ọ̀bù ni ìyá fẹ́ kí wọ́n ṣí. Ní ọdún kìíní, wọ́n ṣán igbó, wọ́n fi iná sí i, wọ́n gbin àgbàdo. Ó ṣe dáadáa débi pé tábìlì kan kò gba èyí tí wọ́n gbé wá sí ìdúpẹ́ ìkórè. Ní ọdún kejì, ó dín. Ní ọdún kẹta, wọ́n tún fi iná sí pàǹtí oko náà, bàbá wá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé yúríà. Owó tí ó fi rà á, ó yá a lọ́wọ́ àna rẹ̀ ni. Òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n dà á sílẹ̀, ó sì wọ́ ọ lọ. Ohun tí wọ́n kó lọ́dún náà kò tó owó irúgbìn.

Àlàáfíà kúrò nínú ilé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tọkọtaya wá bá mi. Ìyá ní kí bàbá ta ilẹ̀ náà kí wọ́n san gbèsè kí ojú ó tó tì wọ́n láàárín ẹbí. Bàbá kò sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni ó ń wò. Mo gbàdúrà pẹ̀lú wọn, mo sì bẹ ìyá. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, n kò ní ìmọ̀ràn kankan lórí oko náà, nínú ọkàn mi, mo rò pé kí ó tà á.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ebi ló ń pa ilẹ̀ náà. Bí a bá fi iná sun igbó, eérú rẹ̀ yóò bọ́ àgbàdo ọdún kan. Ṣùgbọ́n èéfín ti gbé náítírójìn inú ewé àti pàǹtí náà lọ sókè, ohun tí àwọn ẹ̀dá inú ilẹ̀ ì bá sì jẹ ti di eérú. Àwọn náà ń jẹun o! Ewé tó jábọ́, gbòǹgbò tó kú, pòròpórò àgbàdo, ìwọ̀nyí ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń tú oúnjẹ ewéko sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí erùpẹ̀ sì ń di mọ́ra wọn, tí òjò kò fi lè tètè gbé e lọ. Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá ṣá, àwọn bàbá wa á fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí igbó ó tún bò ó. Òfin Mósè náà ní kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin, n kò béèrè rí pé kí ni ilẹ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá ń sinmi. Kì í sùn rárá.

Òṣìṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà ló gba bàbá yìí níyànjú. Ó sọ fún un nípa àwọn àgbẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Benin. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni púpọ̀ nínú wọn ti gba mucuna, ẹ̀wà kan tó jẹ́ ẹbí wèrèpè ṣùgbọ́n tí kì í yún ènìyàn lára, láti fi bo ilẹ̀ tí èkan ti gbà lọ́wọ́ wọn. Ó bo èkan mọ́lẹ̀ pátápátá, kókó gbòǹgbò rẹ̀ sì ń bọ́ ilẹ̀ náà lábẹ́. Bàbá ní òun kò fẹ́ ohun tí ẹnì kan kò lè jẹ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni: ẹni tó jẹ gbèsè kò lè gbin ohun tí kò ṣeé tà.

Nítorí náà ẹ̀wà ni ó gbìn sí ìdajì ilẹ̀ náà ní òjò kejì. Kò fi iná sí i. Ó ṣán pàǹtí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà gbó, ó ká a, ó fi gbòǹgbò àti ewé sílẹ̀ nínú oko. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbin àgbàdo síbẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ajílẹ̀ tó máa ń lò, ó sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì kí òjò má baà tún kó gbogbo rẹ̀. Kò rọrùn o. Kòkòrò tó ń jẹ òdòdó ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí ó fín in. Àgbàdo náà kò tó ti ọdún kìíní, ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po méjì ti ọdún kẹta lọ. Ó gbà á ní ọdún méjì kí ó tó san gbèsè àna rẹ̀ tán. Ìyá ló ń ta ẹ̀wà oko náà báyìí ní àdúgbò wa. Kò sọ pé òun ṣàṣìṣe, bàbá kò sì béèrè.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń ní kí ẹ má lo ajílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tó bá ti ṣá púpọ̀ nílò rẹ̀, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ a máa fẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ bá da yúríà sí ìdí ẹ̀wà, kókó rẹ̀ yóò dín kù, nítorí kò ní pe òṣìṣẹ́ tí yóò san owó fún nígbà tí oúnjẹ ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

SÓYÀ ÌBÀDÀN

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ̀yin ìyá tó ń fi sóyà sínú ọ̀gì ọmọ mọ̀. Kì í ṣe gbogbo rhizobium ló ń bá gbogbo ẹ̀wà ṣe. Èyí tí ẹ̀wà wa fẹ́ràn ti wà nínú ilẹ̀ oko wa tipẹ́. Sóyà àjèjì ni, àwọn irú rẹ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní kókó níhìn-ín, nítorí òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ilẹ̀ wa. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1970. Dípò kí wọ́n máa kó bakitéríà wá láti òkè òkun, wọ́n mú sóyà Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e pọ̀ mọ́ àwọn sóyà tó ti Éṣíà wá, tí kì í yan òṣìṣẹ́, tí ó lè bá bakitéríà ilẹ̀ wa ṣe. Àwọn ọmọ wọn ni irú tí wọ́n ń pè ní TGx, tí àwọn àgbẹ̀ gbìn káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Àlejò ni wọ́n kọ́ kí ó mọ àwọn ará ilé.

Nígbà tó yá, wọ́n tún padà sí ọ̀nà kejì. Ní 2009 ni iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní N2Africa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń fi rhizobium pa irúgbìn sóyà lára kí a tó gbìn ín, IITA náà sì ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n pè ní NoduMax. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ohun alààyè ni, oòrùn ń pa á. Èmi fúnra mi ti ra ìyẹ̀fun tí kò ní orúkọ lọ́wọ́ ẹnì kan tó kó o sínú búùtù ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀wà ni mo fi pa lára, kò sì yàtọ̀ sí èyí tí n kò fi nǹkan kan pa. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ti kú kí n tó rà á, ẹ̀wà wa kò sì nílò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń GBIN EWÉ SÍNÚ BÁSÌ

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní básì tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú lórí bákónì. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa lọ kó ìyẹ̀fun igi tútù láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, ó pò ó mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ pé kí ó lè rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ pọ́n tán. Ó rò pé ẹnì kan ń ṣe òun ní ibi. Kò sí ẹnì kankan o! Ìyẹ̀fun igi kò ní náítírójìn tó, àwọn bakitéríà tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló ń fa náítírójìn inú erùpẹ̀ mọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹrà fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ kí ẹ tó lò ó.

Ẹ dá ihò sí ìdí básì, nítorí omi tó bá dúró á lé afẹ́fẹ́ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ wa a sì máa mí. Ẹ má da omi ọṣẹ tàbí omi jíìkì sí i.

Ọ̀rọ̀ kókó náà kù. Kì í ṣe gbogbo kókó ló dára. Ewédú, ṣọkọ àti tòmátò kì í ní kókó rere rárá. Bí ẹ bá rí wíwú lára gbòǹgbò wọn, aràn kékeré kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ló fà á, ẹ fà á tu kí ẹ sì gbé e jìnnà. Kókó rere ti ẹ̀wà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, bí ẹ bá fi ọwọ́ rà á, á bọ́ sílẹ̀. Ti aràn kì í bọ́, gbòǹgbò gan-an ló wú.

Ọmọbìnrin tó fa ẹ̀wà tirẹ̀ tu gbìn ín padà, ṣùgbọ́n ó kú. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó mú agolo rẹ̀, ó ní kí àwọn tó lo yanrìn gbin ẹ̀wà mìíràn, ó sì bu erùpẹ̀ inú agolo náà fún wọn ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, pé kí àwọn òṣìṣẹ́ náà lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnì kankan kò kọ́ ọ. Mo fa ọ̀kan tu nínú ti inú yanrìn náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín. Kókó mẹ́fà ni mo kà, mo sì la ọ̀kan. Inú rẹ̀ pupa.